Èèpo Awópa Lẹ́bàá Iná Gáàsì

Wúlẹ̀mọ̀tù, ẹnìkejì mi ní ìsọ̀, tó ń ta ewé àti egbò ní ọjà ńlá Warri, kì í ṣe òmùgọ̀. Òjò ìlú yìí ló fi ojú rẹ̀ rí màbo. Ní Ìsẹ́yìn tó ti wá, oòrùn ń gbẹ nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́. Níbí, èèpo igi awópa tó ń tà fún àwọn oníbà á kàn máa bu lórí ẹní ni.

Nígbà tí owó epo ń ya wọ̀lú, ó rí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja lẹ́bàá iná gáàsì tí àwọn elépo ń jó tọ̀sán-tòru lẹ́yìn ìlú. Òun náà ru àpò èèpo lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ táútáú. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í se é fún Sàdíátù ọmọ rẹ̀, tí ibà ń yọ lẹ́nu pẹ̀lú oyún oṣù méje.

Morákinyọ̀ máa ń ra awópa lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Èkó ni, ilé iṣẹ́ epo kan ló gbé e wá. Òkúta tí wọ́n bá wú látinú kànga epo ló ń yẹ̀ wò lábẹ́ iná kan tó ń mú kí epo tàn, ṣùgbọ́n igi ìwòsàn ló gba ọkàn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó pe Wúlẹ̀mọ̀tù sí ọ́fíìsì rẹ̀ pé kó wá wo ẹwà ọjà rẹ̀.

Ó ti rẹ èèpo náà sínú ọtí líle kí agbára rẹ̀ lè jáde. Ó kán ọtí náà sí ìdí awo pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ẹfun kùn, ó sì gbé awo náà dúró sínú omi kẹ́míkà kan. Bí omi náà ṣe ń gùn ún, ló ń fa ohun kọ̀ọ̀kan tó wà nínú èèpo lọ sí àyè tirẹ̀. Ó wá tan iná rẹ̀ sí i.

“Ìyá, ẹ wò ó. Èyí tó ń tàn yẹ́lò yìí ni agbára awópa.” Lẹ́yìn náà ló tún sún mọ́ awo náà. Nǹkan búlúù kan tún ń tàn lókè. “Ìyá, níbo lẹ ti sá èyí?”

“Lẹ́bàá iná gáàsì ni, ọ̀gá.”

“Háà! Èéfín epo ló lẹ̀ mọ́ ọn. Bí òkúta wa ṣe ń tàn nìyẹn.”

“Kí ló lè ṣe fún ọmọ inú?”

“Mi ò mọ̀, Ìyá. Ohun tó wà níbẹ̀ nìkan ni iná yìí ń fi hàn. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu ún mọ́.”

Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún abiyamọ! Ibi tó ká a lára jù gan-an ni ìmọ̀ ọ̀gá parí sí. Wúlẹ̀mọ̀tù kò dágbére. Ó wọ takisí lọ tààrà sí ilé wọn ní Sapele Road. Sàdíátù ń fọ ìkòkò àgbo.

“Mama, I don drink am finish. No be you say make I no leave anything?”

Wúlẹ̀mọ̀tù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ó da gbogbo èèpo tó kù nù. Títí ọmọ rẹ̀ fi bímọ, ọwọ́ ìyá kò kúrò níkùn Sàdíátù: “Ṣé ó ń yí? Ó yí lónìí?” Ọmọbìnrin ló bí, wọ́n pè é ní Wúrà. Nọ́ọ̀sì Rosemary yẹ ọmọ náà wò látorí dé ẹsẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

Wúrà ti ń lọ síléèwé báyìí, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n kó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ìyá àgbà á ti wọ́ ọ jáde síbi ìmọ́lẹ̀, á ní kó la ẹnu. Mo ní kí Wúlẹ̀mọ̀tù fọkàn balẹ̀, pé ewu ti kọjá. Ó ní, “Ta ló sọ fún ọ?”