Táyà Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Tonton Saliu

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ táyà ló dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n ní kí n ṣe ohun tó máa ba ọkọ̀ wọn jẹ́. Wọn ò mọ̀ pé yóò bà á jẹ́ o. Inú wọn ń dùn ṣìnkìn ni.

Tonton Saliu là ń pè wọ́n. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí, gbogbo Tchaourou ló fi mí rẹ́rìn-ín. Obìnrin wo ló fẹ́ máa fi òòlù lu jáǹtì, irin ribiti tí táyà jókòó lé? Tonton nìkan ló dá wọn lóhùn pé, “Táyà kì í bèèrè ẹni tó ń lu òun.” Wọ́n gbà mí. Ìyàwó wọn, Tata Mẹmuna, ló sì ń bu iyán fún mi lọ́sàn-án bí ẹni pé àwọn ló bí mi. Mo fẹ́ràn wọn títí dòní.

Níbí tiwa, iṣu ló ń kọ́ni bí a ṣe ń yan táyà. Bí iṣu bá kún inú bàṣé, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí àwọn àgbẹ̀ ń lò, ẹ̀yìn rẹ̀ á rì. Nítorí náà, táyà gíga là ń fi sẹ́yìn, kúkúrú níwájú. Bí kò bá lẹ́rù, á dà bí ewúrẹ́ tó tẹrí ba tó ń jẹko. Bí ẹrù bá ti wọ̀ ọ́, á tẹ́jú. Ọ̀gá mi ló bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí lágbègbè wa, wọ́n sì ń fi yangàn dáadáa.

Lẹ́yìn tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ dáko lọ́nà Alafiarou, ojú Tata bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Dókítà ní Parakou kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ pa ọjọ́ ìtọ́jú kankan jẹ, kí ojú má baà fọ́. Ọ̀nà oko yẹn sì rèé, bí òjò bá ti rọ̀, ẹrẹ̀ ni. Àwọn ọmọ wọn bá ra quatre-quatre fún wọn, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Òun ni Tonton gbé wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú táyà gìrìwò méjì nínú ẹ̀yìn ọkọ̀.

“Ọmọ mi, fi ìwọ̀nyí sẹ́yìn fún mi. O ṣáà mọ bí a ti ń ṣe é.”

“Tonton, quatre-quatre nìyí o.”

“Et alors? Kí ló dé? Ṣé iṣu kì í wúwo nínú ẹ̀ ni?”

Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, jíà kan wà láàárín tó so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn. Bí táyà kan bá ga ju èkejì lọ, yíyí wọn ò ní dọ́gba. Jíà á máa fa tibí, á máa fa tọ̀hún, á gbóná, á sì fọ́. Bó bá wá fọ́ sínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ ìtọ́jú ńkọ́? Ojú Tata ni mo ń rò. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún ọ̀gá mi pé àṣà tí wọ́n fi kọ́ mi kò bá ọkọ̀ yìí mu?

Mo wá rántí ẹ̀kọ́ mìíràn tí wọ́n kọ́ mi. Ọkọ̀ ńlá máa ń ní táyà méjì tó fara ti ara wọn lẹ́yìn. Táyà ìbejì ni Tonton ń pè wọ́n. Wọ́n á fi ẹfun sàmì sí i, wọ́n á yí i nílẹ̀ títí àmì á fi padà balẹ̀, wọ́n á wá fi okùn wọn ọ̀nà tó rìn. “Ìbejì tí kò bá dọ́gba, ọ̀kan á máa wọ́ èkejì,” ni wọ́n máa ń wí.

Mo mú okùn àti ẹfun jáde. “Tonton, ẹ dákun, ẹ bá mi wọ̀n wọ́n. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n wọ̀n bíi yín.”

Orí wọn wú. Wọ́n ká ọwọ́ aṣọ sókè, wọ́n fi okùn wọn ìrìn táyà iwájú, wọ́n sì yí ọ̀kan nínú àwọn gìrìwò náà. Okùn ò dé ibi tó dúró. Wọ́n fà á, kò gùn sí i.

“Okùn yìí ti súnkì.”

“Okùn kan náà ni, Tonton.”

“Bàṣé kì í ṣàròyé báyìí.”

“Ẹ̀yìn nìkan ló ń ti bàṣé, iwájú kàn ń tẹ̀lé e ni. Ti èyí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló so pọ̀, bíi táyà ìbejì yín.”

Tata, tó jókòó síwájú ọkọ̀, dá sí i, wọ́n sọ fún ọkọ wọn pé: “Baba Rafiu, ìṣísẹ̀ àwa méjèèjì ò dọ́gba rí, a ṣáà ń rìn.”

Mo ní, “Tata, Tonton máa ń dúró dè yín ni. Jíà ò mọ dídúró de ẹnìkan.”

Ọ̀gá mi wo ìyàwó wọn títí. Wọ́n ká okùn náà díẹ̀díẹ̀.

“D'accord, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ò gbọdọ̀ rí pẹ́lẹ́bẹ́ bíi ti takisí o!”

Ẹ̀rín pa mí. Mo wá táyà tó fẹ̀ ju ti iwájú lọ fún wọn, ṣùgbọ́n tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrú, pẹ̀lú jáǹtì tó fẹ̀ láti gbà á. Bó ṣe fẹ̀ tó, gíga rẹ̀ bá ti iwájú dọ́gba. Tonton fúnra wọn ló fi okùn wọ̀n ọ́n kí n tó dè é. Ní ti iṣu, mo ní kí wọ́n fi irin kún sípíríǹgì ẹ̀yìn, nítorí òun ló ń gbé ẹrù.

Òjò ọdún yẹn kò ṣeé fẹnu sọ, síbẹ̀ Tata ò pa ọjọ́ kan jẹ.

Lọ́jọ́ kan, Tonton mú Alaaji kan, ọ̀rẹ́ wọn, wá sọ́dọ̀ mi. Òun náà gbé quatre-quatre wá pẹ̀lú táyà gìrìwò méjì. Kí n tó dìde, ọ̀gá mi ti di okùn mú.

“Alaaji, tẹ́tí o. Èèyàn ló mọ dídúró de ẹnìkejì ẹ̀, jíà ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fi kọ́ ọmọ yìí nìyẹn.”

Wọn ò kúkú parọ́. Tata yọrí láti inú ọkọ̀ tiwọn, wọ́n wá mi kiri pẹ̀lú ojú méjèèjì títí wọ́n fi rí mi níbi tí mo dúró sí, wọ́n wá ṣẹ́jú sí mi.