Páìpù Bíréèkì Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Tẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí ohun tí wọn kò ní kí n gbé sílẹ̀. Gbé àdá yẹn sílẹ̀, ọmọbìnrin ni ọ́. Sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ yẹn, ọmọbìnrin ni ọ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má rò pé mo fẹ́ sunkún fún yín. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni n kò gbé sílẹ̀.

Abúlé wa kò jìnnà sí Ẹgbẹ́dá. Bàbá mi ni ọ̀gá ilé ìwé ìjọ, àwọn nìkan ló sì ní ọkọ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba, tí òyìnbó kan tà fún wọn nígbà tó ń padà sílé. Òun la fi ń gbé aláìsàn àti aboyún lọ sí ọsibítù n'Íbàdàn. Bí ọkọ̀ náà kò bá lè rìn, kò sí ohun mìíràn tí a lè fi gbé wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí bíréèkì rẹ̀ bàjẹ́. Ẹ̀bi bàbá mi ni. Ọ́ìlì bíréèkì tán mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́nà Ìjàyè, wọ́n sì ṣe bí àwọn awakọ̀ ti máa ń ṣe nígbà náà: wọ́n po omi ọṣẹ, wọ́n dà á sí i. Ọkọ̀ délé láyọ̀, wọ́n sì gbàgbé omi ọṣẹ sínú rẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá dógùn-ún láti inú títí wọ́n fi lu.

Mẹkáníìkì àgbà kan ní Adégbàyí ló ń bá wa tún un ṣe. Bàbá náà ní irú páìpù yẹn kò sí lọ́jà mọ́, kí àwọn kúkú fi òòlù pa ẹnu páìpù ti ẹ̀yìn pọ̀, kí ẹsẹ̀ iwájú nìkan máa mú bíréèkì. Bàbá mi ti fẹ́ gbà. Èmi ni mo sọ pé rárá, pé kí wọ́n ra páìpù tí a kò tíì tẹ̀, èmi á tẹ̀ ẹ́. Mẹkáníìkì náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, kò sì tíì rọ̀ tán títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí.

Mo tú àwọn páìpù àtijọ́, mo tò wọ́n sórí ẹní lábẹ́ igi ọsàn, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún wọn. Mo kọ́kọ́ fi wáyà ṣe irú wọn, gbogbo ibi tó ti tẹ̀ ni mo ti tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbé páìpù tuntun tí bàbá mi rà lé ara ọmọ odó ìyá mi, mo sì ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí bí èèyàn bá kánjú, yóò wó sínú, ọ́ìlì kò sì ní rí ọ̀nà gbà. Mo fi irin mẹkáníìkì náà la ẹnu rẹ̀ kó fẹ̀, kó lè jókòó dáadáa. Ìgbà tí mo la ẹnu méjèèjì tán ni mo tó rí i pé n kò tíì ki nọ́ọ̀tì tó ń dì í mú bọ̀ ọ́, nọ́ọ̀tì kò sì lè gba ibi ẹnu tí a ti là kọjá. Mẹkáníìkì náà ní ṣé ẹ rí i báyìí. Mo ju èyí tí mo bà jẹ́ nù, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, tí a ti da ọ́ìlì sí i, mẹkáníìkì náà rán wa létí àṣà ìdí iṣẹ́ wọn: ẹni tó bá tún bíréèkì ṣe ló ń kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ náà. Wọ́n rò pé mo máa sá ni. Ìyá mi di aṣọ mi mú, wọ́n ní n kò ní lọ síbì kankan. Bàbá mi wọlé síbi ìwakọ̀, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kejì, wọ́n ń dúró dè mí.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí odò wa la gbà, afárá tóóró ló sì wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́ fún yín. Bàbá mi jẹ́ kí ọkọ̀ sáré dáadáa kí wọ́n tó tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú lẹ́ẹ̀kan náà, eruku bò wá, ọkọ̀ sì dúró kó tó kan afárá.

Nígbà tí a padà dé, mẹkáníìkì náà ní, "Ọlọ́run ló bá ọ ṣe é."

Mo ní, "Ọlọ́run ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò tèmi ló bó."

Bàbá mi kì í gbà kí a dá àgbà lóhùn. Lọ́jọ́ náà, wọn kò bá mi wí.

Ayé ti yí padà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní yunifásítì, kò sì sẹ́ni tó ní kó gbé sípánà sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ kàn ń sọ fún un pé ìkọ̀wé rẹ̀ dára, kó máa bá wọn kọ ohun tí àwọn ọkùnrin ń ṣe sílẹ̀. Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún mi. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kó padà lọ, kó kó bírò wọn fún wọn, kó sì wọ abẹ́ ọkọ̀. Bí wọ́n bá bi í pé ta ló rán an, kó ní ìyá ìyá òun ni.