Ohun Tí Ìyá Alábọ́ Ní Kí Wọ́n Kọ

Ní ọdún tí Sáàpù ìjọba ológun sọ owó di yẹpẹrẹ, tó sọ gbogbo wa di ọ̀rẹ́ gààrí, ìsọ̀ mi ní ọjà Téjúoṣó fara kan ti ìyá kan tó ń ta abọ́ tánganran. Síìpù, bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ lèmi ń tà. Ìyá Alábọ́ la máa ń pè wọ́n. Ẹnu wọn mú ju tèmi lọ, ẹni tó bá sì mọ̀ mí á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ìtọ̀ ṣúgà ló ń bá Ìyá jà. Ìṣó kan gún wọn lẹ́sẹ̀, wọn ò mọ̀ ọ́n lára títí ẹsẹ̀ fi dúdú. Èmi ni mo gbé wọn dé ọsibítù, torí àkọ́bí wọn ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ níbi àwọn ilé ìkẹ́rùsí ní Ìjọra, ò tíì gbọ́. Dókítà kan tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí yẹ ẹsẹ̀ náà wò. Ó ní àfi káwọn gé e nísàlẹ̀ orúnkún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á pa wọ́n. Ìyá ní kí wọ́n gé e. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ní kí wọ́n bá òun sún àga.

Dókítà wá fẹ́ mọ̀ bóyá orí Ìyá pé, kó tó gba ọ̀rọ̀ wọn.

"Màmá, kí lorúkọ ọkọ yín?"

"Bàbá wọn."

"Bàbá ta ni?"

"Bàbá àwọn ọmọ."

"Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n ńkọ́?"

Ìyá wò mí, wọ́n wo dókítà. "Ìwọ ọmọ yìí, ìyá tìẹ a máa pe bàbá rẹ lórúkọ ni?"

"Ọmọ mélòó lẹ bí?"

"A kì í ka ọmọ."

"Ọdún wo ni wọ́n bí yín?"

"Ọdún tí eéṣú jẹ oko bàbá mi."

Èmi rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Mi ò mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ni dókítà ń kọ sílẹ̀: kò mọ orúkọ ọkọ rẹ̀, kò mọ iye ọmọ rẹ̀, kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí dókítà sí. Bóyá "dálìn" ni ìyá rẹ̀ ń pe bàbá rẹ̀ nílé wọn, Ọlọ́run ló mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àkọ́bí dé, ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Dókítà ka ìwé fún un pé orí ìyá rẹ̀ ti dàrú, òun ni kó pinnu. Àkọ́bí ní wọn ò ní gé nǹkan kan. Ó ní tó bá di Sátidé, òun á gbé wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, sọ́dọ̀ ẹnìkan tó ń fi ewé wo egbò.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ẹsẹ̀ yìí ò ní dé Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ìwọ tó ń ta bọ́tìnnì, ta ló bi ọ́?"

"Bọ́tìnnì kì í jẹrà. Ẹsẹ̀ ìyá yín ló ń jẹrà."

Ó bú sẹ́kún. Mi ò retí ìyẹn. Mo ti to èébú mẹ́ta sílẹ̀ dè é, gbogbo rẹ̀ ni mo gbé mì.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà ní wọ́ọ̀dù náà, obìnrin sísanra tí kì í pariwo. Ó pè mí sẹ́yìn, ó ní kí n sọ ohun tí dókítà bi Ìyá àti èsì tí Ìyá fọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ ọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ká ní wọ́n pe orúkọ ọkọ ni, ìgbà yẹn ni ǹ bá máa wò ó pé bóyá orí ti dàrú."

Ló bá pe dókítà, ó pe àkọ́bí, ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Ìyá.

"Ìyá, kí ni dókítà sọ fún yín nípa ẹsẹ̀ yìí? Ẹ sọ ọ́ bó ṣe yé yín."

"Abọ́ tánganran tí ara rẹ̀ bá ti bó, ìpáàrà á wọ ibẹ̀. Tó o bá ń wò ó níran, á jẹ ẹ́ dé etí. Ẹsẹ̀ mi ti bó. Bí wọ́n bá gé e, mo lè yè, mo sì lè kú sórí tábìlì. Bí wọn ò bá gé e, kíkú ni."

"Kí lẹ wá fẹ́?"

"Kí wọ́n gé e. Mo ṣì lọ́jà í tà."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú fáìlì bí Ìyá ṣe sọ ọ́, ní Yorùbá, tabọ́-tìpáàrà. Ó dìde, ó lọ fún àwọn aláìsàn yòókù lóògùn, ó padà dé, ó ní kí Ìyá tún un sọ.

"Ṣó o ti gbàgbé ni? Orí tèmi là ń yẹ̀ wò àbí tìẹ?" Síbẹ̀ wọ́n tún un sọ, ìdí ọ̀rọ̀ ò yẹ̀.

Dókítà gba fáìlì, ó fi bírò fa ìlà lé ohun tó kọ tẹ́lẹ̀, ó buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti rí ọlọ́pàá, mo ti rí agbowó ọjà, mi ò rí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rẹ́ lójú èèyàn rí. Ojú ẹsẹ̀ ni mo dárí dálìn jì í.

Mo rò pé ó parí. Nọ́ọ̀sì tún ní, "Bó bá di pé ẹ ò lè dá wa lóhùn ńkọ́?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," àkọ́bí wí.

"Dákẹ́, Ọlọ́run ti gbọ́ tìẹ," Ìyá wí. "Kọ ọ́, nọ́ọ̀sì. Wọn ò gbọdọ̀ kọjá orúnkún mi. Orúnkún ni mo fi ń kí àgbà. Mi ò ní dé ọ̀run kí n wá nàró bí òpó iná níwájú ìyá mi. Bó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀, kí wọ́n fún mi lóògùn ìrora, kí wọ́n fi mí sílẹ̀."

"Ta ni ká bi?"

Mo tún jókòó dáadáa, mo rò pé èmi ni wọ́n máa pè. Wọ́n nawọ́ sí àkọ́bí. "Òun ni. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ ka ìwé yìí sí i létí kó tó lanu." Ìyá tẹ̀ka sí i. Èmi buwọ́ lù ú bí ẹlẹ́rìí, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo tíì fi ìwé kẹrin tí mo kà ṣe.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, ibà mú Ìyá, wọ́n ń bá ìyá wọn tó ti kú sọ̀rọ̀, wọn ò mọ̀ mí mọ́. Dókítà ní egbò ti fẹ́ máa gòkè, òun lè gé e ní itan, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí.

Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gé ọmọ ìka kan ló ń pariwo báyìí. "Ẹ gé e. Ẹ gé gbogbo rẹ̀, kí wọ́n ṣáà yè."

Nọ́ọ̀sì ṣí fáìlì, ó kà á sí i létí láti òkè délẹ̀. Nígbà tó dé ibi òpó iná, ọkùnrin náà fọwọ́ bojú.

"Ohùn wọn gan-an nìyẹn," ó wí. "Ẹ má gé e."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń fún Ìyá lábẹ́rẹ́ ibà àti ti ìrora. Àkọ́bí ò kúrò níbẹ̀. Mo ti rí akọni púpọ̀ lọ́jà, ẹnu ni gbogbo wa fi ń ṣe é. Ó nira ju ẹnu lọ kéèyàn ní kí wọ́n má gé e, kó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Ìyá lajú. Ọwọ́ wọn lọ sábẹ́ aṣọ, ó ń rìn lórí itan títí ó fi dé orúnkún, wọ́n sì dì í mú. Wọ́n wo ọmọ wọn.

"O gbọ́ tèmi," wọ́n ní.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nọ́ọ̀sì ní kó dìde, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n nu ilẹ̀ ni, kò tíì gbẹ.