Síìtì Tí Kò Wálẹ̀ fún Bàbá Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò fepo bọyọ̀. Ọjọ́ kejì ọdún tuntun ni. Ó ti kó ẹrù rẹ̀ sínú mọ́tò tí yóò wà padà sí Èkó, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ààyè. Ó ní ìrora tí bàbá wa ń jẹ lórí kẹ̀kẹ́ yẹn ti tó gẹ́ẹ́. Ó ní òun ń bọ̀ ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde. Bàbá yóò gun kẹ̀kẹ́ láti ilé dé Ìfàkì àti àbọ̀, òun yóò fi mọ́tò tẹ̀ lé e, bí òun bá sì gbọ́ tó kérora lẹ́ẹ̀kan péré, Èkó yá. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń dájọ́ fún ọmọ ilé ìwé, ó sì wakọ̀ lọ.

Olùkọ́ ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni nígbà náà. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló ń gbé e lọ sí oko iṣu àti ẹ̀gẹ́ rẹ̀, òun náà ló ń gbé e lọ sí abà kan lọ́jọ́ Ìsinmi, níbi tó ti ń darí ìsìn fún ìjọ Áńgílíkà kékeré kan tí kò ní àlùfáà. Ìyá mi ti kú ní ọdún mẹ́rin ṣáájú. Bí a bá gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí a gbé e lọ jókòó sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Èkó, kí ló kù fún un? Èmi tí mo jẹ́ àbígbẹ̀yìn, tí mo ń kọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú, tí mo sì ń bá a gbélé, n kò fẹ́ kó lọ. Kí n má parọ́, mo tún fẹ́ borí ẹ̀gbọ́n mi. Láti kékeré ló ti máa ń pàṣẹ fún mi, inú mi kì í sì í dùn sí i.

Mo kọ̀wé sí ọmọ àbúrò bàbá mi tó wà lókè òkun. Mo ní kó bá mi wá ohunkóhun tí kò ní jẹ́ kí kòtò ọ̀nà máa gún bàbá mi ní ìbàdí. Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ti dé ìdajì kí ẹnì kan tó ń ti ọ̀hún bọ̀ tó gbé e dé: ọ̀pá síìtì, irin tí ìjókòó kẹ̀kẹ́ máa ń wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Ọ̀pá kékeré ló wọ inú ọ̀pá ńlá, sípírínì àti rọ́bà wà nínú wọn. Bí ènìyàn bá jókòó lé e, á rì wọlé, á sì tún yọ padà. Ìwé pélébé kan bá a wá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Bí ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ bá jókòó jẹ́ẹ́, síìtì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Bí kò bá wálẹ̀ rárá, sípírínì le jù fún un, kò sì sàn ju irin lásán lọ. Nọ́ọ̀tì kan wà nísàlẹ̀ ọ̀pá náà tí a lè yí láti dẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó níbi tí a kò gbọ́dọ̀ yí i kọjá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Ìsinmi Ọ̀pẹ la lọ sọ́dọ̀ alátùnṣe kẹ̀kẹ́ wa ní Ìfàkì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù. Bàbá mi gun kẹ̀kẹ́, èmi wà lórí ọ̀kadà lẹ́yìn rẹ̀, mo ń wo bó ṣe ń gbé ìdí sókè ní gbogbo kòtò. Ooru mú gan-an, síbẹ̀ súwẹ́tà wà lábẹ́ dàńṣíkí rẹ̀. Ó ní ààwẹ̀ ló ń jẹ́ kí òtútù máa mú òun. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Alátùnṣe náà sanra, ikùn rẹ̀ ni í kọ́kọ́ dé ibi tó bá ń lọ. Ìsọ̀ rẹ̀ fara ti ilé kan tí wọ́n ti ń ra kòkó. Ó gba ọ̀pá náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Tíṣà, uṣẹ́ wà níbí o," ó sọ fún mi.

Kẹrosíìnì ló fi rin ìpata kó tó lè fa ọ̀pá àtijọ́ yọ. Tuntun náà wá tín-ínrín jù, ó ń mì nínú páìpù kẹ̀kẹ́. Ó gé agolo mílíìkì, ó fi òòlù lù ú pẹlẹbẹ, ó ká a mọ́ ọ̀pá náà, ó fi gíríìsì pa á, ó sì tì í wọlé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó rí i pé ilà tí wọ́n fà sára ọ̀pá náà kò hàn síta, torí ìwé ní bí ilà bá hàn, ọ̀pá lè ṣẹ́ mọ́ni nídìí. Ó wò mí bíi pé mò ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹun, ṣùgbọ́n ó tì í wọlé sí i. Ó ní kí bàbá mi fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ. Ibẹ̀ ló fi mọ bí síìtì yóò ṣe ga tó, ó sì fi ìka kan lé e nítorí pé yóò wálẹ̀.

Mo so òwú dúdú kan mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀pá kékeré. Bí síìtì bá wálẹ̀, ẹnu ọ̀pá ńlá yóò ti òwú náà sókè, a ó sì rí ibi tó dé. Bàbá mi di ògiri mú, ó gùn ún, ó jókòó. Mo kúnlẹ̀ wo òwú náà. Kò kúrò níbi tí mo so ó sí.

Alátùnṣe yọ ọ̀pá jáde, ó yí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dá a padà. Bàbá mi tún gùn ún. Òwú kò mira. Ó yọ ọ́, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì sí i. Kò mira. Mò ń rí mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi lójú ara mi, mò ń rí àpótí aṣọ bàbá mi nínú rẹ̀. Nígbà tí a gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kẹrin, nọ́ọ̀tì ti dé ibi tí ìwé ní ká má kọjá, mo sì jágbe mọ́ ọkùnrin náà pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Èmi tí n kò lè lẹ táyà. Ojú ń tì mí di òní.

Alátùnṣe gbé ẹsẹ̀ kọjá kẹ̀kẹ́, ó jókòó. Síìtì wálẹ̀ ní ìka mẹ́ta, òwú sá lọ sókè. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ àkísà, ó wo bàbá mi láti orí dé ẹsẹ̀.

"Irin yìí ò lábùkù," ó ní. "Baba, kìlóò mélòó ni yín?"

"Mẹ́tàléláàádọ́rin," bàbá mi dáhùn. "Ó wà nínú káàdì ọsibítù mi."

Ọdún tó fẹ̀yìn tì ni wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì yẹn. Alátùnṣe kò bá a jiyàn. Ó kàn yíjú sí òṣùwọ̀n tó wà níwájú ilé kejì, pèpéle irin tí wọ́n ń gbé àpò kòkó lé bí mọ́tò bá kó wọn dé láti Ìgbólé.

"Ẹrù ni wọ́n ń gbé lé ìyẹn," bàbá mi wí.

Kò pariwo, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ mí. N kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà. Nọ́ọ̀tì, òwú àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló wà lọ́kàn mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kàn gùn ún, ká lè mọ ohun tí a máa ṣe sí i." Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gun orí irin náà. Akọ̀wé kòkó ti irin òṣùwọ̀n lọ sọ́wọ́ òsì, ó tún tì í, ó tún tì í.

Kìlóò méjìdínláàádọ́ta. Àpò kòkó kan ju bàbá mi lọ.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Lẹ́ńtì ni, gbogbo ìjọ ló ń gbààwẹ̀, kò sẹ́ni tí kò rù. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá mi wọlé, àwọn ìyá ìjọ yìn ín pé ó ń gbààwẹ̀ tọkàntọkàn, èmi náà sì ń fi yangàn. Ó ń mu omi bí ẹni tí kò rí omi rí. Mo ní ọyẹ́ ni, nígbà tí ọyẹ́ lọ, mo ní oòrùn ni. Ó ń fi okùn di ṣòkòtò; mo ní ọjọ́ orí ni. Mo wá wo ìdí rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, kò sí ẹran níbẹ̀. Kì í ṣe kòtò ọ̀nà ló ń dùn ún. Eegun ló fi ń jókòó.

Ó jókòó sórí àpò kòkó kan, ó ń wọ bàtà rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn tó kù má baà gbọ́.

"Má sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìdó, sà, kí dókítà wò yín."

"Lẹ́yìn Àjíǹde. Bí mo bá wọ ulé Èkó yẹn, ulé náà ni yóò pa mí, kì í ṣe àìsàn. Uṣẹ́ mi ń bẹ níbí. Ṣé o gbọ́, ìyá mi?"

Kì í pè mí ní ìyá rẹ̀ àfi bó bá ń bẹ̀ mí. Mo ní mo gbọ́.

Alátùnṣe náà yọ sípírínì inú ọ̀pá náà, ó wá èyí tó rọ̀ jù ú lọ lára ọ̀kadà kan tó ti kú sẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀, ó gé e dọ́gba, ó fi rọ́bà lé e. Nígbà tí bàbá mi tún jókòó, òwú gòkè ní ìka kan géérégé. Ohun tí mo ti ń wá láti ọdún tuntun nìyẹn, n kò sì lè dúpẹ́. Bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ padà sí Ààyè, kòtò kankan kò gún un. Ó ń kọ orin Àjíǹde lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ Àjíǹde kò tíì dé. Èmi tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀ ń rò ó pé irọ́ kan tó rọrùn láti jókòó lé ni mo bá a ṣe.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn gùn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tó fẹ́ ṣínu, màá ti gún iyán, màá ti fi ẹran kún ọbẹ̀. Á jẹ ẹ́ tán, kò sì ní hàn lára rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ mo ní mo fẹ́ lọ pe ọlọ́kadà tí yóò gbé wa lọ sí Ìdó. Ó wò mí, mo jókòó padà. N kò rú òfin rẹ̀ rí láti kékeré. Àmọ́ bí mo bá pa ẹnu mọ́, tó wá ṣubú sọ́nà oko, ta ni yóò jẹ̀bi? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti kẹ̀kẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi dé ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde kí ìrì tó gbẹ. Bàbá mi ti wọ dàńṣíkí funfun lé súwẹ́tà. Ó gun kẹ̀kẹ́, a fi mọ́tò tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo di ìlẹ̀kùn mú. Níbi gbogbo tí ọ̀nà ti bàjẹ́, mò ń rí síìtì tó ń rì, tó ń yọ, ẹ̀yìn bàbá mi sì dúró ṣánṣán. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fèrèsé kó lè gbọ́ bóyá yóò kérora. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ọlọ́run mi mọ̀ pé mo gbàdúrà kó kérora. Ó lọ, ó bọ̀, kò kérora.

Ẹnu ọ̀nà ilé ni ẹ̀gbọ́n mi ti dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, mo túúbá. Ẹ máa gun kẹ̀kẹ́ yín lọ."

Bàbá mi gba omi lọ́wọ́ mi, ó mu ife kan, ó mu èkejì, ó na ife sí mi pé kí n bu ẹ̀kẹta. Ojú rẹ̀ ń dán fún ayọ̀. Ó ti borí, èmi náà ti borí.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé wọn sókè, ká bá wọn yọ̀."

Bàbá mi yíjú sí mi kíákíá. Ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú, ó sì fi agbára tí ènìyàn fi ń gbé ọkùnrin tó dàgbà gbé e. Bàbá mi fò sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fi sún sẹ́yìn, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó gbé e dání bẹ́ẹ̀, ó ń wò mí.

"Láti ìgbà wo?" ó bi mí.

N kò tíì la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ àìsàn náà di ìgbà yẹn, mo sì máa ń fi ìyẹn tan ara mi jẹ pé mo pa ìlérí mọ́. Irọ́ ni. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ní tèmi, mo mọ ẹni tí mo sọ ọ́ sí, mo sì wo ojú rẹ̀ kí n tó jù ú.

Ọjọ́ yẹn gan-an la gbé e lọ sí Ìdó. Dókítà ní ìtọ̀ ṣúgà ni, ó ti wọ̀ ọ́ lára, bàbá kò sì ní lò ju oṣù kan sí i lọ ká ní a dúró. Abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ló kàn, inú fìríìjì sì ni abẹ́rẹ́ náà ń gbé. Iná Ààyè nígbà yẹn kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e lọ sí Èkó kí oṣù yẹn tó parí. Bàbá mi wọ mọ́tò, kò wẹ̀yìn wò mí.

Oṣù méje kọjá kí n tó lè lọ wò ó. Ó jókòó sórí àga gbọọrọ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wá bi mí léèrè.

"Ta ló ń ṣe ìsìn fún wọn ní abà?"

Mo ní kò sẹ́nì kankan, Ààyè ni wọ́n ń rìn wá báyìí. Ó mi orí.

"Ìwọ lo gbé mi wá sí ulé yìí."

"Èmi ni, sà. Ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi?"

"Mò ń bínú. Bí mo bá jí láàárọ̀, òun ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀." Ó sún díẹ̀ lórí àga náà, ó fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí n wá jókòó. "Kí Ọlọ́run jẹ́ kí n pẹ́ nínú ìbínú náà."

Ọdún mẹ́jọ ló fi bínú.