Bàtà Funfun Tí Leah Rà

Bí ẹ bá rí Leah ará Olódò láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó Gbọ́njúbọ́lá, ẹ ó rò pé òun gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé níyàwó. Ọdún kejì lẹ́yìn òmìnira ni. Ó jókòó, ó dìde, bí ẹni tó jókòó lé ìjàlọ. Ó tún lọ wo bàtà funfun gogoro tó fi owó aṣọ rírán rà. Ọmọ ìjọ Séráfù ni, wọn kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Láti kékeré, kò tíì wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run rí.

Bàtà yìí gan-an ni wàhálà. Ìyá Hezekiah, ìyá ọkọ ìyàwó, tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé ní yunifásítì, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé, ní òun ò fẹ́ Aláàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó. Gbọ́njúbọ́lá sunkún títí, ó ní bí kì í bá ṣe Leah, òun ò ní ọ̀rẹ́ ìyàwó. Ìyá náà wá gbà tìkanra-tìkanra.

"Ṣùgbọ́n kó wọ bàtà o. Kó má fẹsẹ̀ lásán kó ìtìjú bá wa níwájú àwọn ọ̀gá Hezekiah."

Ọ̀rọ̀ náà dun Leah wọra. Ó pinnu pé òun ó múra débi tí ìyá náà ò ní rí nǹkan kan sọ.

Àwọn kan rò pé iṣẹ́ ọ̀rẹ́ ìyàwó ò ju kó di òdòdó mú kó máa rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni. Òun ni yóò nu òógùn ìyàwó, òun ni yóò gbé ìdí aṣọ rẹ̀, òun ni yóò rí i pé ojú ò tì í.

Nígbà tí ọkọ̀ gbé wọn dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ọkọ, òjò àná ti sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀. Gbọ́njúbọ́lá, ọmọ oko tí kò mọ bàtà gogoro wọ̀ rìn, sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ sì kán pátá. Orin ìwọlé ti ń dún nínú ilé. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Leah, wọn ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí nílé yẹn."

Leah wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Inú bí i sí ẹrẹ̀, sí Ìyá Hezekiah, sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàápàá. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀.

"Gbé ẹsẹ̀ rẹ wá."

Bí wọ́n ṣe wọlé nìyẹn. Ìyàwó ń yan, Leah ń tẹ̀ lé e, ẹrẹ̀ láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ tí ẹnì kan sọ pé, "Aláàdúrà ni." Ojú tì í, ṣùgbọ́n kò tẹrí ba.

Wọ́n jáde tán, Ìyá Hezekiah fa àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kọjú sí Leah. "Mo mọ̀ pé o ò ní gbọ́ràn."

Gbọ́njúbọ́lá la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Leah tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mà. Ó ti mọ́ mi lára ni."

Ìyá náà pòṣé. Ó wá yíjú sí aya ọmọ rẹ̀, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"Wo bí bàtà ṣe yẹ ẹ́," ó wí fún Leah. "Ṣé ìwọ ò lè kọ́gbọ́n lára ọ̀rẹ́ rẹ ni?"

"Màá kọ́ ọ, Mà," ni Leah wí.