Ohun Tí Pásítọ̀ Rí

Ọjọ́ tí Pásítọ̀ gé láńlọ́ọ̀dù jẹ ni wọ́n ṣì ń sọ nínú ọgbà títí dòní. Àkùkọ ni Pásítọ̀. Olóògbé télọ̀ tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé ló ni ín, òun náà ló sì fún un lórúkọ, nítorí kì í jẹun títí àwọn abo adìẹ yóò fi jẹ yó.

Ẹjọ́ ariwo ló gbé láńlọ́ọ̀dù wá. Àwọn ayálégbé ní àkùkọ mẹ́ta tí télọ̀ ń sìn kì í jẹ́ káwọn sùn. Nígbà tí télọ̀ gbọ́ pé ó ń bọ̀, ó yára fi apẹ̀rẹ̀ bo Ṣọ́jà tó máa ń jà, ó wá gbé Pásítọ̀ síta.

"Ẹ fọwọ́ kàn án, sà. Ẹ ò lè rí oníwà tútù bí èyí láàárín àwa èèyàn gan-an."

Láńlọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nawọ́. Pásítọ̀ wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì gé e lọ́wọ́ jẹ.

Ẹlòmíì ì bá ti máa bẹ̀bẹ̀. Télọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi í padà sójú, ó wá tẹjú mọ́ láńlọ́ọ̀dù dáadáa.

"Látọjọ́ tí mo ti ń sìn ín, kò bínú sí ẹnikẹ́ni rí. Ẹ má bínú o, sà. Ó ní nǹkan tó rí lára yín."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Láńlọ́ọ̀dù ní tóṣù bá fi parí, àkùkọ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ kù. Kí télọ̀ mú èyí tó wù ú, kí ó pa ìyókù.

Kò sí bó ṣe lè mú ọ̀kan. Ìwà àwọn àkùkọ yẹn ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí oníbàárà tí aṣọ rẹ̀ ò tíì jáde bá ń bọ̀, Ṣọ́jà ni télọ̀ máa ń tú sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá iwájú wá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ títí, kò ríbi wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, ẹ mú ẹranko yín kúrò lọ́nà!"

"Kì í ṣe ìkà o, ọmọ mi. Agboòrùn ọwọ́ ẹ ló ń bà á lẹ́rù. Gbé e sílẹ̀, kó o padà wá lọ́la."

Àlejò ni ẹ̀kẹta. Inú ọgbà náà ni ìyá rẹ̀ ti pa ẹyin rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ti ń jẹun bí ẹni tí wọn ò pè. Bí àwọn yòókù bá kọ tán, á kọ ààbọ̀, á wá bojú wẹ̀yìn bóyá òun ti ṣẹ ẹnì kan. Télọ̀ á dáhùn látìdí ẹ̀rọ ìránṣọ: "A gbọ́ o! Ó dáa!"

Oṣù parí, láńlọ́ọ̀dù dé.

"Èwo lẹ mú, Bàbá?"

"Mo ṣì ń rò ó, sà. Tí mo bá pa Ṣọ́jà, ta ló máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù? Tí mo bá pa Pásítọ̀, ta ló máa ro tàwọn abo? Ti Àlejò tiẹ̀ wá ṣòro jù, ẹ̀rù á ti pa á kí n tó mú ọ̀bẹ."

Láńlọ́ọ̀dù pòṣé, ó fi oṣù kan kún un. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fi kún un lóṣooṣù. Nígbà tó yá, ó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n lè bá àríyànjiyàn náà lọ, Pásítọ̀ á sì máa ṣọ́ ọ lókèèrè. Nígbà tó di ọjọ́ kan, télọ̀ sùn, kò jí mọ́.

Yàrá kan ṣoṣo ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé nílùú tó wà. Kò ríbi kó àkùkọ sí, ló bá pe alápatà. Alápatà ti ń dì wọ́n lẹ́sẹ̀ nígbà tí láńlọ́ọ̀dù wọlé.

"Tú wọn sílẹ̀."

Ẹnu ya ọmọ télọ̀. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n máa lọ, sà?"

"Bàbá ẹ ní Pásítọ̀ rí nǹkan lára mi, kò sì sọ ọ́ fún mi kó tó lọ. Ẹ ò lè pa á kí n tó mọ ohun tó rí."

Ọmọ télọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu.

Láńlọ́ọ̀dù ló ń bọ́ wọn báyìí. Ṣọ́jà ti gbà fún un. Pásítọ̀ ṣì ń gé e jẹ, láńlọ́ọ̀dù ò sì tíì mọ ìdí rẹ̀. Àárò télọ̀ ń sọ gbogbo ọgbà, àní nọ́ọ̀sì pàápàá. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, bí Àlejò bá kọ ààbọ̀ tiẹ̀ tán tó bojú wẹ̀yìn, wọ́n máa ń gbọ́ ohùn láńlọ́ọ̀dù láti orí bẹ́ǹṣì:

"A gbọ́ o! Ó dáa!"