Ewúrẹ́ Tí Àǹtí Mi Fún Wa Sìn

Wọ́n ń fi oògùn apakòkòrò nu ilẹ̀ ọsibítù láàárọ̀ yìí, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí ẹ̀yìn ilé wa.

Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, ló mú ewúrẹ́ pupa kan wá láti Iyah-Gbede fún ìyá mi sìn. Bó bá bímọ, tiwa ni àkọ́bí, tirẹ̀ ni ìkejì. Ewúrẹ́ náà ń jẹun dáadáa, síbẹ̀ ó ń rù, ìgbẹ́ gbuuru kò sì dá lára rẹ̀. Ó bí ọmọ kan, ìyá mi ní kó jẹ́ tèmi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí dókítà ẹran wá láti Kábbà, àǹtí mi wà nílé wa. Dókítà tẹ ikùn ewúrẹ́ náà.

“Àrùn ìfun ni, ìyá. Kò ní oògùn. Ẹ jẹ́ ká pa á, ká sin ín, kẹ́ ẹ sì fi oògùn apakòkòrò yìí fọ ọgbà.” Ó nawọ́ sí ọmọ ewúrẹ́ mi. “Èyí náà ti mu ọmú rẹ̀.”

Dókítà wo àǹtí mi títí. Àǹtí mi ń wo ilẹ̀. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe é.

Ó gbé mi mọ́ àyà, ó fi ìborùn rẹ̀ nu ojú mi. “Dákẹ́, màá mú òmíràn wá fún ọ.” Àyà rẹ̀ ni mo sùn lé nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀.

Lẹ́yìn tí àǹtí mi kú ni ìyá mi sọ fún mi pé dókítà yẹn ti kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní ọgbà àǹtí mi, kí àǹtí mi tó pín àwọn ẹran rẹ̀ fún mọ̀lẹ́bí láti sìn.

Àǹtí mi mú òmíràn wá fún mi lóòótọ́. Inú ọgbà rẹ̀ kan náà yẹn ló ti mú un.